Àṣẹ Kíkà Kì Í Ṣe Àṣẹ Ṣíṣe

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣí ojú ewé yìí kọjá o. Ọ̀rọ̀ owó oṣù wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ àgbò Iléyá wà nínú rẹ̀, ẹ̀bi kan tí ó jẹ́ tèmi pátápátá, tí ọmọ ọlọ́mọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà sọ́rùn, náà wà nínú rẹ̀.

Láti bí oṣù mẹ́ta ni mo ti ń kọ ìwé pélébé kan ní èdè wa fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi. Ìwé náà ń lọ dáadáa títí mo fi dé ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn àmì àṣẹ tí a fi ń dáàbò bo ìrántí ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni mo dúró sí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìyàwó mi tilẹ̀ bi mí pé ṣé ojú ń dùn mí ni, tí mo fi ń tẹjú mọ́ ìwé láìkọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Kì í ṣe ojú. Mo ti kọ irú ojú ewé yìí rí ní ọdún 2004, ohun tí ó sì tìdí rẹ̀ yọ ni n ó sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo ohun tí ó ń lò lọ́wọ́ ni ó ń kó sí ibì kan tí a ń pè ní ìrántí rẹ̀. Ìrántí yìí kì í ṣe gbàgede lásán. A pín in sí yàrá yàrá bí agbo ilé ńlá. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ń pe yàrá kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé, ṣùgbọ́n yàrá ni n ó máa pè é kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ ojú ewé ìwé mọ́ wa lójú. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó wà lọ́jà, yàrá kan a máa gba báìtì 4,096, èyíinì ni pé bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà a, b, d láìfi àmì ohùn sí i, 4,096 ni yóò wọ inú rẹ̀ kí ó tó kún. (Bí ẹ bá fi àmì ohùn sí i kò ní gbà tó bẹ́ẹ̀, nítorí àmì wa ń jẹ àyè. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí àyè pa àmì ohùn tì. N ó padà sórí ìyẹn.)

Onílé ni ètò ńlá tí ń darí ẹ̀rọ náà, irú bíi Linux tàbí Windows. Ayálégbé ni àwọn ètò yòókù tí àwa ènìyàn ń lò. Ayálégbé tí ó bá fẹ́ yàrá yóò tọ onílé lọ, yóò sì sọ ohun tí ó fẹ́ máa ṣe nínú yàrá náà. Lórí Linux àti àwọn ìbátan rẹ̀, ìpè tí a fi ń tọrọ yàrá ni mmap, èyí tí a sì fi ń yí àṣẹ orí yàrá padà lẹ́yìn tí a ti gbà á ni mprotect. Àmì àṣẹ mẹ́rin ni ó ṣe pàtàkì. PROT_READ ni àṣẹ kíkà: kí ayálégbé lè wo ohun tí ó wà níbẹ̀. PROT_WRITE ni àṣẹ kíkọ: kí ó lè fi nǹkan síbẹ̀ tàbí kí ó pa ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́. PROT_EXEC ni àṣẹ ṣíṣe, òun sì ni ọ̀gá gbogbo ìjàngbọ̀n: kí ọpọlọ ẹ̀rọ gba ohun tí a kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin, kí ó sì mú un ṣẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni PROT_NONE, ilẹ̀kùn títì: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé.

Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ wọ́n. Kíkà jẹ́ 1, kíkọ jẹ́ 2, ṣíṣe jẹ́ 4, títì jẹ́ òdo. Bí ayálégbé bá fẹ́ kíkà àti kíkọ, yóò ro wọ́n pọ̀, yóò di 3. Bí ó bá fẹ́ kíkà àti ṣíṣe, ó di 5. Bí ó bá fẹ́ gbogbo rẹ̀, ó di 7. Kò sí bí a ṣe lè rò wọ́n tí méjì yóò fi bọ́ sórí nọ́ńbà kan náà. Ẹni tí ó bá ṣe ohun tí kò gbàṣẹ fún nínú yàrá kan, onílé kò ní bá a rojọ́ rárá. Yóò pa ètò náà lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì méjì tí àwa oníṣẹ́ kì í fẹ́ rí yóò sì hàn lójú ẹ̀rọ: Segmentation fault.

Ní ọdún 2004, mo wà ní ọ́fíìsì kan ní Èkó. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Èmi ni mo dàgbà jù nínú àwa tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ọ̀gá àgbà sì ní kí n kọ ìwé ìlànà kan tí àwọn ọmọ tuntun yóò máa tẹ̀lé, kí wọ́n yé máa wá bi mí ní ìbéèrè kan náà láràárọ̀. Mo kọ ọ́. Ó tó ojú ewé ogójì, a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a sì fi pín-ìnnì kàn án. Kí n sọ òtítọ́, orí mi wú. Mo máa ń rí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn tí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà wọn bí ẹni gbé Bíbélì tàbí Kùránì.

Nígbà tí mo dé orí àmì àṣẹ, mo ṣe bí oníṣẹ́ gidi, lójú ara mi. Mo kọ ètò kékeré kan, mo fi béèrè yàrá pẹ̀lú àṣẹ kíkà àti àṣẹ kíkọ nìkan, n kò béèrè àṣẹ ṣíṣe. Mo wá kọ òfin ẹ̀rọ sínú yàrá náà, mo sì ní kí ọpọlọ ẹ̀rọ lọ ṣe é. Ó ṣe é! Mo tún un dán wò lórí kọ̀ǹpútà méjì mìíràn nínú ọ́fíìsì náà. Wọ́n ṣe é. Ni mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé ẹni tí ó bá ti gba àṣẹ kíkà ti gba àṣẹ ṣíṣe náà, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú PROT_EXEC.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí ti ń mi orí. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Ohun tí mo kọ kì í ṣe irọ́ lórí ẹ̀rọ tí mo fi dán an wò. Àwọn kọ̀ǹpútà tí a ní nígbà náà jẹ́ ti ìdílé Intel àtijọ́, èyí tí a ń pè ní i386 àti àwọn ọmọ rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ tí ọpọlọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń wò lórí yàrá kọ̀ọ̀kan, àyè wà fún àmì kíkọ, ṣùgbọ́n kò sí àyè kankan fún àmì ṣíṣe. Bí o béèrè o, bí o kò béèrè o, bákan náà ni. Onílé ní òfin lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi ti ilẹ̀kùn. Ohun tí mo rí ni ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́, mo wá kọ ọ́ sínú ìwé pé àṣẹ ni a fún wa láti wọlé.

Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tí ó mọ̀wé, tí ó sì níwà. Òun ni a gbé ètò owó oṣù lé lọ́wọ́. Iye òfin tí ó wà lórí owó oṣù ní ọ́fíìsì yẹn kò kéré: owó ọkọ̀, owó àṣekún iṣẹ́, owó orí, owó àjẹsẹ́kù, gbèsè tí ẹni kan jẹ, tí ẹlòmíràn kò jẹ. Ọmọ náà dá ọgbọ́n kan. Ó kọ ètò rẹ̀ kí ó lè máa yí àwọn òfin wọ̀nyí padà sí èdè ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kí ó kọ wọ́n sínú yàrá kan, kí ọpọlọ ẹ̀rọ sì máa ṣe wọ́n láti ibẹ̀, nítorí ó yára púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ka ìwé ìlànà mi, ó sì ṣe bí mo ti wí. Kíkà àti kíkọ ni ó béèrè. Ètò náà ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì láìjáni kulẹ̀.

Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2007, ọ́fíìsì ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹ rántí ọdún náà: Iléyá àti Kérésìmesì sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ó wà láàárín wọn. Ọ̀gá àgbà ti ṣèlérí pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ gba owó oṣù wọn ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù, kí Mùsùlùmí lè ra àgbò, kí Kìrìsìtẹ́ẹ́nì lè ra ìrẹsì. A gbé ètò owó oṣù bọ́ sórí ẹ̀rọ tuntun náà ní Ọjọ́bọ̀. Ní àárọ̀ Jímọ̀, ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ronú díẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ méjì rẹ̀ tí mo ti sọ fún yín. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì náà ni. Títí tí a fi kírun Jímọ̀ tán, títí tí ilé ìfowópamọ́ fi tì, bákan náà ni.

Àwọn awakọ̀, àwọn tí ń gbálẹ̀, àwọn ọlọ́dẹ, gbogbo wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ó wà níwájú ilé. Kò sí ẹni tí ó pariwo. Ìyẹn gan-an ni ó le jù. Awakọ̀ kan ti san àsansílẹ̀ lórí àgbò kan, ẹni tí ó ń ta àgbò sì ti sọ fún un pé bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà òun yóò tà á fún ẹlòmíràn. Ó ń wo aago ara ògiri. Èmi náà ń wò ó.

Ọ̀gá àgbà pe ọmọ náà wọlé, ó sì sọ fún un níwájú mi pé bí ó bá di ọjọ́ Ajé tí nǹkan kò tíì tọ́, kí ó má wulẹ̀ wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó kàn lọ mú ìwé ìlànà náà wá, ó ṣí i sí ojú ewé tí ó ti ká létí, ó sì ní, “Ọ̀gá, bí ìwé ti wí ni mo ṣe é.” Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi mí sun. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. N kò sì tíì mọ̀ nígbà náà pé ibẹ̀ gan-an ni àrùn wà, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti ń sọ nǹkan kan fún mi, mo sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni n kò lè gbàgbé.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, àwa méjèèjì nìkan ni a wà nínú ọ́fíìsì pẹ̀lú jẹnerétọ̀. A gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ jáde láti inú yàrá ẹrù. Ètò náà ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni ń fi ẹran jẹ̀kọ. Lórí ti tuntun, ó kú. Mo ní kí ó dá a dúró kété kí ó tó kú, kí a wo àkọsílẹ̀ tí Linux máa ń ṣe nípa gbogbo yàrá tí ètò kan ń lò, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ maps. Lẹ́tà mẹ́ta ni ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan: r fún kíkà, w fún kíkọ, x fún ṣíṣe. Bí àṣẹ kan kò bá sí, ìlà kékeré kan ni wọn yóò fi sí ipò rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí àwọn òfin owó oṣù wà, r wà níbẹ̀, w wà níbẹ̀. Níbi tí x yẹ kí ó wà, ìlà kékeré ni mo rí.

Ẹ̀rọ tuntun ní kọ́kọ́rọ́.

Mo jókòó. Mo ní, “Ọmọ mi, ìwọ kọ́ ni o ṣẹ̀. Èmi ni.” Ó ní, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni n ó sọ ọ́, níwájú ọ̀gá àgbà ni n ó sì ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, PROT_EXEC, ni a fi kún ètò náà. Owó jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sì lọ rojọ́ ara mi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá àgbà bínú sí mi dé ibi tí ó yẹ kí ó bínú dé. Awakọ̀ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ pàdánù àgbò tí ó san àsansílẹ̀ lé lórí, ó sì ra òmíràn ní owó gegere, nítorí ẹ̀yin náà mọ bí owó àgbò ṣe máa ń gòkè bí Iléyá bá ku ọ̀túnla. Mo fún un ní nǹkan lọ́wọ́. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò bi mí pé kí ni mo fún òun fún. Bóyá ó mọ̀.

Kí ni ó wá dé tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí ilẹ̀kùn náà? Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn nìyí, ó sì korò pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àpótí lẹ́tà kan wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹnikẹ́ni ní ìgboro lè ju lẹ́tà sínú rẹ̀. Kíkà ni a ń ka lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọ̀dọ̀ yín bá jẹ́ ẹni tí ohunkóhun tí ó bá rí nínú ìwé ni ó máa ń ṣe, tí olè sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí ó ṣí ilé sílẹ̀ lóru, ilé yóò ṣí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà rí nígbà tí kò sí ìyàtọ̀ láàárín kíkà àti ṣíṣe. Ní ọjọ́ kejì oṣù Nọ̀fẹ́ńbà ọdún 1988, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Cornell kan ní Amẹ́ríkà, Robert Tappan Morris, tú ètò kan sílẹ̀ tí ń rìn fúnra rẹ̀ láti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sínú òmíràn. Ọ̀nà mélòó kan ni ó ń gbà wọlé. Èyí tí ó kàn wá nínú wọn ni ètò kan tí ń dáhùn ìbéèrè nípa àwọn tí ń lo ẹ̀rọ. Ètò yẹn pèsè àyè báìtì 512 fún ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò ka iye tí ń bọ̀ wá. Ètò Morris fi báìtì 536 ránṣẹ́ sí i. Èyí tí ó ṣẹ́kù ya bo ibi tí ẹ̀rọ kọ ọ́ sí pé, bí mo bá parí iṣẹ́ yìí, ibi báyìí ni n ó padà sí. Ibi tí a wá darí ẹ̀rọ sí ni inú ìbéèrè náà gan-an, níbi tí òfin olè ti wà ní kíkọ. Àwọn ẹ̀rọ VAX tí ó kọlù bẹ́ẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ ṣíṣe. Ẹ̀rọ kà á, ẹ̀rọ ṣe é.

Wọ́n fojú bù ú pé ó tó 6,000 kọ̀ǹpútà tí ó kó àrùn náà, nígbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju bí 60,000 lọ. Ilé-ẹjọ́ dá Morris lẹ́bi ní ọdún 1990. Wọn kò fi í sẹ́wọ̀n: ọdún mẹ́ta lábẹ́ ìṣọ́, iṣẹ́ ìlú fún wákàtí 400, àti owó ìtanràn dọ́là 10,050. Ní ti gets, irinṣẹ́ tí ń gba ìwé láìkà á tí ètò tí ó ṣe àìdáa yẹn lò, ìwé ìlànà Linux ti kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lò ó láé, àwọn tí ń ṣe òfin èdè C sì yọ ọ́ kúrò nínú èdè náà pátápátá ní ọdún 2011.

Ẹ wá wo gbólóhùn mi ti ọdún 2004. Mo rò pé ìrọ̀rùn ni mo ń kọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọ́fíìsì wa. Ihò tí olè ń gbà wọlé ni mo ń júwe bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni. Ohun tí ó tún dójú tì mí ni pé ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Ní oṣù Épírì ọdún 2003 ni AMD gbé ọpọlọ ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde tí ó ní àmì tí a lè fi sọ pé kí a má ṣe ohun tí ó wà nínú yàrá yìí. Ní oṣù Méè ọdún náà, àwọn ará OpenBSD, tí Theo de Raadt ń darí láti Kánádà, gbé ẹ̀dà 3.3 jáde pẹ̀lú ìlànà kan pé yàrá tí a bá lè kọ nǹkan sí, a kò gbọdọ̀ lè ṣe ohun tí ó wà níbẹ̀, èyí tí a bá sì lè ṣe, a kò gbọdọ̀ lè kọ nǹkan sí i. Microsoft fi irú ààbò bẹ́ẹ̀ sí Windows XP ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 2004. Linux náà ń bá a bọ̀, ó sì níláti ṣe ètò àkànṣe kan fún àwọn ètò àtijọ́ tí wọ́n ti gbà pé kíkà ni ṣíṣe, kí gbogbo wọn má baà kú lọ́jọ́ kan. Nítorí náà kì í ṣe èmi nìkan ni mo ṣi í. Ìyẹn kò sì tù mí nínú.

Ìwé tí ó bá tọ́ kì í kọ ohun tí ojú ẹnì kan rí lórí ẹ̀rọ rẹ̀ nìkan. Ìwé òfin POSIX, tí gbogbo ìdílé Unix ń wò, fi ọgbọ́n kọ ti àmì wọ̀nyí. Ó gbà pé onílé lè fàyè gba ju ohun tí ayálégbé béèrè lọ. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni kò gbọdọ̀ fàyè gbà láéláé: kíkọ níbi tí a kò ti béèrè àṣẹ kíkọ, àti ohunkóhun níbi tí ó jẹ́ PROT_NONE nìkan ni a béèrè. Ẹ kíyè sí ohun tí wọn kò sọ. Wọn kò ṣèlérí pé ẹni tí kò béèrè àṣẹ ṣíṣe kò ní rí i ṣe, wọn kò sì ṣèlérí pé yóò rí i ṣe. Ìwé ìlànà Linux tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀ lábẹ́ mmap pé ọ̀rọ̀ bóyá kíkà ní ṣíṣe nínú sinmi lórí irú ẹ̀rọ, ó sì gba ẹni tí ó bá fẹ́ kí ètò rẹ̀ ṣiṣẹ́ káàkiri nímọ̀ràn pé kí ó máa béèrè PROT_EXEC nígbà gbogbo tí ó bá fẹ́ ṣe nǹkan níbẹ̀. Ìlà bíi mélòó kan péré ni. Michael Kerrisk ni ó bójú tó ìwé náà láti ọdún 2004 fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí Alejandro Colomar tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dúpẹ́ rẹ̀ ni, àfi lọ́jọ́ tí owó oṣù bá há sínú ẹ̀rọ.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ìwé Unix mọ ìtìjú àti òtítọ́. Ìwé ìlànà àkọ́kọ́ tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs, tí ó ní ọjọ́ kẹta oṣù Nọ̀fẹ́ńbà ọdún 1971 lára, ní ibì kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àléébù. Àléébù iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn! Èwo nínú wa ni yóò ta ọjà tí yóò tún kọ àléébù rẹ̀ mọ́ ọn lára? Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo wọn ni ó pé. Nígbà tí àwọn ará Berkeley gbé 4.2BSD jáde ní ọdún 1983, wọ́n ti kọ mmap yìí sínú ìwé, bí a ó ti pè é àti ohun tí yóò ṣe, bẹ́ẹ̀ ni mmap fúnra rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀rọ rárá. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ kí ìyá rẹ̀ tó lóyún.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìwé pélébé mi. Èdè ni ó kọ́kọ́ dá mi dúró. Ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gé kúrú sí EXEC yẹn, òun kan náà ni wọ́n ń lò fún pípa ọ̀daràn tí a ti dá ẹjọ́ ikú fún. Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé “àṣẹ pípa.” A rẹ́rìn-ín títí. Àṣẹ ṣíṣe ni mo mú níkẹyìn. Ìjà tí ó wà lórí kíkọ tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí bí a kò bá fi àmì sí i, “ko” lè jẹ́ kí a kọ ìwé, ó lè jẹ́ kí a kọ̀ jálẹ̀, ó sì lè jẹ́ kí a kó ẹrù. Ẹni tí ó bá rí “onile le ko” nínú ìwé ìlànà, kí ni yóò ṣe? Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi sọ lókè pé kí ẹ má tìtorí àyè pa àmì ohùn tì.

Nígbà tí mo wá rí èdè, ohun tí mo kọ nìyí. Pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe ohun tí ó wà nínú yàrá kan gbọ́dọ̀ béèrè àṣẹ ṣíṣe, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀rọ tirẹ̀ kò bi í. Pé àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ẹni tí ó bá gba àṣẹ kíkọ yóò rí i pé òun lè kà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ó má gbé ara lé e. Pé kí ó má ṣe béèrè 7 nítorí ọ̀lẹ, nítorí yàrá tí a lè kọ nǹkan sí tí a sì lè ṣe ohun tí a kọ síbẹ̀ ni olè ń wá kiri. Kí ó kọ́kọ́ gba kíkà àti kíkọ, kí ó kọ òfin rẹ̀ síbẹ̀ tán, lẹ́yìn náà kí ó fi mprotect gba àṣẹ kíkọ kúrò, kí ó sì fi àṣẹ ṣíṣe dípò rẹ̀. (Bí a ti tún ètò owó oṣù yẹn ṣe nìyẹn lẹ́yìn ọdún tuntun.) Pé kí ó rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ yàrá gan-an ni ó tọ́ka sí, nítorí mprotect kì í gba àárín yàrá. Pé kí ó máa wo èsì tí onílé fún un, nítorí onílé lè kọ̀, pàápàá bí ó bá ń béèrè àṣẹ kíkọ lórí fáìlì tí ó ṣí fún kíkà nìkan, tí ó sì fẹ́ kí ohun tí òun bá kọ dénú fáìlì náà.

Mo fi ojú ewé náà ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin ọjọ́ kìíní. Ó ti di ọ̀gá báyìí, ó ti láya, ó ti bímọ, ó sì ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀. Mo ní kí ó bá mi wò ó bí ọ̀tá yóò ti wò ó. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi dá a padà. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ó dára.” Ṣùgbọ́n ó fi gègé pupa yí ibi méjì ká. Àkọ́kọ́ ni pé mo gbàgbé láti sọ ohun tí a ń fi PROT_NONE ṣe, pé yàrá títì ni a ń fi sí ààlà, kí ètò tí ó bá ń kọ nǹkan kọjá ibi tí ó yẹ kọlu ilẹ̀kùn títì kí ó tó ba nǹkan aládùúgbò jẹ́. Òótọ́ ni ó sọ, mo ti fi í kún un.

Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo kọ ọ́ sí pé mo ti dán gbogbo rẹ̀ wò. Ó bi mí pé lórí ẹ̀rọ wo, àti ní ọdún wo. Mo ti kọ ìyẹn náà sí i.